Ṣé kò séwu mọ́ lórí òkè Colorado tí yìnyín bá ti dáwọ́ dúró láti ìjẹta?

Rárá o, ewu kí yìnyín ya lulẹ̀ látorí òkè (avalanche) ṣì wà níbẹ̀ dáadáa. Tí oòrùn bá tiẹ̀ ràn, kò sọ nǹkan kan nípa ohun tó wà lábẹ́ yìnyín. Ní Colorado, yìnyín tó kọ́kọ́ bọ́ ní October sí November kì í sábà nípọn, òtútù á wá sọ ọ́ di wóróworó bíi ṣúgà, kò ní lẹ̀ mọ́ra, tí tuntun bá wá gorí ẹ̀ ó di pé ẹrù wúwo jókòó sórí nǹkan tí ò lágbára, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ títí ẹnì kan á fi lọ tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń kó sí i gan-an ló sábà máa ń já a lé ara wọn lórí. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ "wúmù" lábẹ́ ẹsẹ̀, tàbí ẹ rí i tó ń sán, ẹ yáa padà. Ibi tó da gẹ́rẹ́ láti digirí 30 sí 45 ló máa ń ya jù, ẹ má gba abẹ́ ẹ̀ náà. Ẹ ka ìkìlọ̀ CAIC, ìyẹn àjọ tó ń kìlọ̀ nípa yíya yìnyín ní Colorado, láàárọ̀, 1 dé 5 ni wọ́n fi ń wọn ewu náà, 3 ò sì kéré o, ẹ̀mí ń bọ́ síbẹ̀ gan-an. Kí kálukú gbé transceiver (ẹ̀rọ kékeré tó ń jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí èèyàn wà lábẹ́ yìnyín), ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń wá èèyàn lábẹ́ yìnyín, àti ṣọ́bìrì dání, torí tí yìnyín bá bo èèyàn kọjá ìṣẹ́jú 15, ó ti ń le nìyẹn.