Géèmù tó ń dá ara rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Àpótí géèmù àtijọ́ tí mò ń tún ṣe nílé ń tàn, àmọ́ bí mo bá ń fi í ṣeré, ó ń padà síbẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ló fà á? — Òǹkàwé, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìdáhùn: Ẹ má tíì di ẹ̀bi ru NEPA. Bí iná 5V tí bọ́ọ̀dù géèmù ń lò bá lọ sílẹ̀, ó lè máa tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi mítà wọn iná 5V náà lórí bọ́ọ̀dù gan-an: lórí JAMMA (irú ojú ìsopọ̀ tí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù géèmù àtijọ́ ń lò), ojú 3 àti 4 ni 5V, 1 àti 2 ni ilẹ̀ (ground). Bí ó bá kéré sí 4.9, ẹ pa iná, kí ẹ fi írésà funfun àti sípírítì nu eyín bọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ojú ìsopọ̀ náà; ìdọ̀tí ibẹ̀ ló sábà ń jẹ iná. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yí ohun tí a fi ń tún iná 5V ṣe lára páwà (ẹ̀rọ tó ń fún bọ́ọ̀dù níná) díẹ̀díẹ̀ dé 5.05. Ẹ jìnnà sí wáyà ńlá tó wọ ẹ̀yìn gíláàsì tẹlifíṣọ̀n rẹ̀; ó lè gbé yín bí ẹ tilẹ̀ ti yọ ọ́ nínú iná.