Màmá ń bọ̀ wá bá wa wẹ ọmọ ní ìlú òyìnbó: kí la ó gbà, kí la ó kọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ìlú Leeds ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Oyún mi àkọ́kọ́ nìyí, wọ́n sì ní ìparí oṣù Kejì ni mo máa bí. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n máa fún ọkọ mi níbi iṣẹ́. Màmá mi ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta wá bá wa wẹ ọmọ. Inú mi dùn, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀, torí wọ́n ti ń kó àgbo, oyin, òrí àti aṣọ ọmọ tí wọ́n fi káńfọ̀ sí sínú báàgì, bẹ́ẹ̀ àwọn agbẹ̀bí ibí ní n ò gbọdọ̀ fún ọmọ lómi pàápàá. Ìyá ọkọ mi náà tún fẹ́ wá. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí màmá mi ò fi ní sọ pé ìwà òyìnbó ti wọ̀ mí lẹ́wù? Ìgbà wo ló sì dáa kí wọ́n dé?

Ìdáhùn: Ọlọ́run á sọ yín kalẹ̀ láyọ̀, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.

Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mò ń ṣe nílẹ̀ England níbí, ilé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni mo sì máa ń lọ jù. Mo mọ bí ilé ṣe máa ń rí nígbà tí ìyá àgbà bá wà níbẹ̀: oúnjẹ gbígbóná wà nílẹ̀, aṣọ ti gbẹ, ìyá ìkókó ti sùn. Mo fẹ́ kí ẹ rí irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ bá Màmá sọ kí wọ́n tó wọ bàálù ni pé ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ń bọ̀ wá tọ́jú, kí ẹ̀yin lè ráyè tọ́jú ọmọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú ni ibi tí ìyá àgbà ti gbé ọmọ dání látàárọ̀ dalẹ́, tí ìyá ọmọ wá ń dáná, tó ń fọ abọ́. Ọmọ tuntun máa ń mu ọmú bí ìgbà mẹ́jọ sí méjìlá láàárín wákàtí 24, bó bá sì ṣe ń mu ún tó ni omi ọyàn ṣe máa ń pọ̀ sí i. Kò sẹ́ni tó lè bá yín ṣe ìyẹn. Ìyókù, ẹ fi lé Màmá lọ́wọ́.

Ní ti ìgbà tí wọ́n máa dé, tó bá jẹ́ pé ẹ máa fúnra yín bí i, èrò tèmi ni pé kí Màmá dé nígbà tí ìsinmi ọkọ yín bá kù díẹ̀ kó parí. Kí ọkọ yín fi ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ yẹn kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ páńpásì, bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ lóru, torí bí ìyá àgbà bá ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, ṣọ́ọ̀bù nìkan ni wọ́n máa ń rán bàbá ọmọ lọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé wọ́n ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún yín, kí Màmá ti dé ṣáájú, nítorí ẹ ò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun tó wúwo ju ọmọ lọ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Físà àbẹ̀wò máa ń fún èèyàn láyè oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá a láti oṣù mẹ́ta ṣáájú ìrìn àjò. Àbẹ̀wò mọ̀lẹ́bí ni òfin fàyè gbà, kì í ṣe iṣẹ́ olówó oṣù, nítorí náà kí ẹ má san owó iṣẹ́ fún wọn.

Ìyá ọkọ yín ńkọ́? Kí wọ́n wá nígbà tí Màmá yín bá ń padà sílé. Ọkọ yín ni kó bá wọn sọ ọ́, ní kùtùkùtù, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ò gbọdọ̀ ti ẹnu ìyàwó jáde.

Ká wá wo inú báàgì Màmá. Àgbo àti omi ò gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọ. Kì í ṣe pé òyìnbó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú àṣà wa. Ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ń sọ fún gbogbo ayé, òun náà sì ni àwọn nọ́ọ̀sì ń sọ fún àwọn ìyá ní Nàìjíríà. Kíndìnrín ọmọ tuntun ò tíì lágbára. Omi lásán lè mú kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, gìrì ló sì máa ń ti ibẹ̀ dé. Inú ọmọ kéré, bí omi bá ti kún un, kò ní fa ọmú mọ́. Àgbo tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ̀dọ̀ ìkókó ò sì lè gbé e. Omi ọyàn ọjọ́ àkọ́kọ́, èyí tó ki tó ní àwọ̀ ìyeyè, tí àwọn àgbà kan máa ń ní kí wọ́n fún dà nù, kò dọ̀tí rárá. Òun ló ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ àrùn. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n máa ní kí ẹ máa kán sí ọmọ tó ń mu ọmú lẹ́nu lójoojúmọ́ ni fítámì D, láti ìgbà tí ẹ bá ti bí i. Ẹ tètè ṣàlàyé fún Màmá, kí wọ́n má bàa bi yín léèrè ìdí tí ẹ fi ní kí wọ́n má fún un lómi, tí ẹ̀yin wá ń fún un lóògùn. Oòrùn tó yẹ kó fún wa ní fítámì yìí ò tó níbí, àwọ̀ dúdú sì ń fẹ́ oòrùn púpọ̀ kó tó lè ṣe é.

Ti oyin ló ń kó mi láyà sókè jù. Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ kẹjọ, oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti ataare á wà nílẹ̀, ẹnì kan á sì fẹ́ fi oyin kan ọmọ lẹ́nu. Ẹ má gbà, kódà kó jẹ́ ẹ̀kán kan. Kòkòrò àìfojúrí kan lè wà nínú oyin tí kì í ṣe àgbàlagbà ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n tó máa ń hù nínú ìfun ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, tó sì máa ń tú májèlé sí i lára. Botulism ni wọ́n ń pe àìsàn yẹn: iṣan ọmọ á rọ, kò ní lè fa ọmú, mímí á sì di ìṣòro. Sísè kì í pa kòkòrò yẹn. Ẹ ti bá pásítọ̀, àáfà tàbí àgbà tó máa sọ ọmọ lórúkọ sọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá ni yóò tọ́ ọ wò fún ọmọ, kí gbogbo ilé sì tọ́ ọ wò lẹ́yìn rẹ̀. Wúre ò ní torí ìyẹn má ṣẹ.

Aṣọ tó ti gbé pẹ̀lú káńfọ̀, kó dúró sí Abẹ́òkúta. Àwọn tí wọ́n bí láìní èròjà G6PD, tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọ́pọ̀ láàárín àwa ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Káńfọ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa fọ́, kí ibà pọ́njú sì dé, èyí tó bá sì le nínú ẹ̀ lè ba ọpọlọ jẹ́. Lára ọmọ aláwọ̀ dúdú, ẹ má wo awọ nìkan. Ẹ wo funfun ojú, èrìgì àti àtẹ́lẹsẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Tó bá pọ́n láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, ẹ pè wá lójú ẹsẹ̀. Tó bá kọjá ọjọ́ 14 tí kò lọ, ẹ sọ. Gbígbé ọmọ sí ojú fèrèsé kì í wò ó. Iná àkànṣe ọsibítù ló ń wò ó.

Òrí kò burú, pàápàá fún ara yín. Omi lásán tó fún ara ọmọ ní oṣù àkọ́kọ́.

Níbi ìwẹ̀, ẹ jẹ́ kí Màmá wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n máa ki oríkì rẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ rọra ra á lára. Ọmọ máa ń gbádùn ẹ̀, èmi náà sì máa ń gbádùn àtiwò ó. Ohun tí kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ ni jíju ọmọ sókè, fífi apá gbé e kọ́, títẹ àwùjẹ̀ orí rẹ̀, àti fífún ọmú ìkókó. Ọmú ọmọ tó wú díẹ̀, ohun tó ti ara ìyá wá ló fà á, á sì lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń fún un, ó lè gba ọyún. Ìwọ́ ọmọ, ẹ jẹ́ kó mọ́ kó sì gbẹ. Kò sí aṣọ gbígbóná, kò sí epo, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, á sì já ní bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ikùn yín náà ńkọ́? Tó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ ni, kí ẹnikẹ́ni má fi omi gbígbóná tẹ ẹ́. Ojú ibẹ̀ máa ń kú, ó sì lè bó yín lára kí ẹ má mọ̀. Tó bá jẹ́ pé wọ́n rán yín lábẹ́, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ dára, ṣùgbọ́n ẹ má jókòó sínú omi tó ń hó tí wọ́n da Dẹ́tọ́ọ̀lù sí. Ẹ̀kọ gbígbóná, ọbẹ̀ ẹja, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹ jẹ gbogbo rẹ̀. Ẹja gbígbẹ lè tẹ̀ lé Màmá wá, àmọ́ ẹran àti ohun tí wọ́n fi mílíìkì ṣe, wọ́n máa gbà á ní pápákọ̀ òfuurufú.

Òtútù á ṣì wà ní ìparí oṣù Kejì, ẹ̀rù á sì máa ba Màmá. Bí ọwọ́ ọmọ bá tutù, wọ́n á ní òtútù ń mú un, wọ́n á fi aṣọ mẹ́ta àti fìlà kún un. Ẹ kọ́ wọn láti fọwọ́ kan àyà tàbí ẹ̀yìn ọrùn ọmọ. Tó bá ń làágùn, aṣọ ti pọ̀ jù. Yàrá tó wà láàárín 16 sí 20 ní ìwọ̀n Celsius ti tó. Kó máa fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, lórí ibùsùn tirẹ̀, nínú yàrá kan náà pẹ̀lú yín fún oṣù mẹ́fà, láìsí fìlà lórí, láìsí pílò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹnu mọ́ èyí: kí Màmá má sùn lọ lórí àga sófà pẹ̀lú ọmọ láyà. Ọmọ lè há sí ibi tí kò ti ní lè mí. Tó bá rẹ̀ wọ́n, kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn.

Bí a bá wá sílé yín, ẹ má jẹ́ kí Màmá wọ kíṣìnì lọ. Ẹ ní kí wọ́n jókòó tì wá, kí wọ́n bi wá léèrè ohun tó wù wọ́n. Ohun tí wọn ò ní gbà lẹ́nu ọmọ tí wọ́n bí, wọ́n lè gbà á lẹ́nu agbẹ̀bí, ẹ̀yin ò sì ní di ẹni tó ń bá ìyá rẹ̀ jiyàn. Ní nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún, a máa wọn ọmọ, a ó sì gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní gìgísẹ̀ rẹ̀. Àyẹ̀wò yẹn ló máa ń fi fòníkú-fọ̀ladìde hàn, nítorí náà kí Màmá má bínú tí ọmọ bá ké. Kí Màmá má fòyà bí ìwọ̀n rẹ̀ bá dín díẹ̀ sí ti ọjọ́ tí ẹ bí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló yẹ kó ti padà sípò. Láàárín ọjọ́ 10 sí 14, health visitor, ìyẹn nọ́ọ̀sì tó ń bẹ ìyá àti ọmọ wò nílé, á wá. Ẹ forúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kó tó pé ọjọ́ 42.

Èyí tó kàn, Màmá gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa, torí àwọn ni wọ́n máa wà nílé. Tí ẹ̀jẹ̀ bá rin páàdì kan láàárín wákàtí kan, tí orí bá ń fọ́ yín gan-an tí ojú sì ń ṣú, tí ẹsẹ̀ kan bá wú tó ń dunni, tí ibà bá mú yín, ẹ pe ọsibítù tí ẹ ti bímọ lójú ẹsẹ̀. Tí mímí bá ṣòro, tí àyà bá ń dun yín, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dá, 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, ni kí wọ́n pè. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sára fíríìjì. Ìjábọ̀ MBRRACE-UK, àwọn tó ń ṣèwádìí ikú àwọn ìyá àti ọmọ tuntun níbí, ti fi hàn pé ewu ikú lórí ìbímọ fún obìnrin aláwọ̀ dúdú níbí ju ìlọ́po méjì ti obìnrin aláwọ̀ funfun lọ. Tí wọ́n bá ní kí ẹ máa lọ sílé, tí ara yín sì ń sọ pé nǹkan ò dáa, ẹ má lọ. Kí ọkọ tàbí Màmá dúró tì yín, kí wọ́n máa béèrè títí wọ́n á fi yẹ̀ yín wò.

Ẹkún tí ìyá ìkókó máa ń sun lọ́jọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin, kì í pẹ́ lọ. Tí ìbànújẹ́ bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ sọ fún dókítà yín. Kì í ṣe àìmoore. Ṣùgbọ́n tí ìyá ìkókó ò bá sùn rárá, tó ń gbọ́ ohùn, tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò bára mu, abísínwín nìyẹn. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí àdúrà máa bá a lọ lójú ọ̀nà. Ó ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti máa ń gba ìyá àti ọmọ pọ̀, ara ìyá sì máa ń yá.

Màmá fúnra wọn ńkọ́? Kí wọ́n kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó máa tó wọn títí wọ́n á fi padà, kí ẹ sì ra ìbánigbófò ìrìn àjò fún wọn, torí wíwọ wọ́ọ̀dù ọsibítù kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún àlejò. Ra kóòtù tó nípọn sílẹ̀ dè wọ́n, kí ọkọ yín sì máa mú wọn jáde lópin ọ̀sẹ̀, ó kéré tán dé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí tí wọ́n ti lè rí ẹni tí wọ́n á jọ máa sọ Yorùbá.