Ìdá èrè tó ga: ṣé kí n sáré rà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, n'Íbàdàn. Ọmọ mi fi ṣíà kan (ìyẹn ìpín nínú ilé-iṣẹ́ kan) hàn mí lórí fóònù, ó ní èrè rẹ̀ jẹ́ ìdá 16 nínú 100. Ṣé kí n fi owó ìfẹ̀yìntì mi rà á?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì rà á. Ẹ mú bébà, ká jọ ṣírò. Ẹ jẹ́ ká fi Báńkì Zenith ṣe àpẹẹrẹ: ó pín ₦4 lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan fún ọdún 2023. Ẹni tó rà á ní ₦25, ìdá 16 nínú 100 owó tó fi rà á ló jẹ lérè. Ẹni tó rà á ní ₦50, ìdá 8 ni. Owó kan náà ni wọ́n pín fún àwọn méjèèjì o! Torí náà, bí iye ṣíà bá já wálẹ̀, ìdá èrè á ga fúnra rẹ̀. Mo ti kó sí i rí: ìdá tó wu ojú ni mo tìtorí rẹ̀ ra ṣíà ilé-iṣẹ́ kan, nígbà tó di ọdún kejì, wọn ò pín kọ́bọ̀.

Èyí tí wọ́n ti ń pín bọ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Zenith pín ₦3.10 fún 2021, ₦3.20 fún 2022, ₦4 fún 2023, ₦5 fún 2024. Irú èyí ló ń fi mí lọ́kàn balẹ̀. Owó orí ìdá 10 nínú 100 á kúrò nínú owó tí wọ́n bá pín. ₦4 á di ₦3.60 kó tó dé ọwọ́ yín.

Ẹ kọ́kọ́ ya owó oúnjẹ àti oògùn ọdún méjì sọ́tọ̀, Ìyá wa. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni kẹ́ ẹ fi ra ṣíà.