Mo Bá Físà Ọkọ Dé Manchester, Wọ́n Ní Jẹjẹrẹ Ni: Ṣé Kí N Padà Sílé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ọdún tó kọjá ni mo wá bá ọkọ mi ní Manchester. Kókó kan yọ sí ọmú mi òsì. GP, ìyẹn dókítà àdúgbò wa, ní kí n lọ sílé ìwòsàn ńlá, wọ́n fi abẹ́rẹ́ yọ díẹ̀ lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Wọ́n ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, kẹ́mò, oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, ló tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá ní físà mi sọ pé n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó ìjọba, pé tí mo bá gba ìtọ́jú, Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà, ò ní tún físà náà ṣe. Wọ́n ní kí n padà sí Ìbàdàn. Ọkọ mi kò sọ nǹkan kan. Òun ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà fún mi: dókítà á sọ̀rọ̀ títí, ọkọ mi á ní, “Wọ́n ní kò sí wàhálà.” Kí ni kí n ṣe?
Ìyàwó tí ẹ̀rù ń bà

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á wò ọ́ sàn. Má wọ bàálù lọ síbì kankan. Lọ ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún ọ.

Òótọ́ ni pé físà rẹ ka owó ìjọba léèwọ̀. Ṣùgbọ́n owó ìrànwọ́ bíi Universal Credit àti PIP (owó ìrànwọ́ fún aláìlera), pẹ̀lú ilé ìjọba, ni òfin ń pè bẹ́ẹ̀. Ìtọ́jú NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, kò sí lára wọn. Kí wọ́n tó fún ọ ní físà, ẹ ti san owó ìlera tí wọ́n ń pè ní IHS, òun ló jẹ́ kó o lè gba ìtọ́jú NHS. Láti oṣù kejì ọdún 2024, £1,035 ni lọ́dún kan fún àgbàlagbà. Físà ìyàwó tí wọ́n gbà láti ilé, ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń kà á sí, £3,105. Ẹni tó ti sanwó oúnjẹ kì í jẹun bí olè. Wá ìwé ẹ̀rí owó náà nínú ímeèlì tí ẹ fi gba físà. IHS ló bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ jáde. Ilé ìwòsàn lè fún ọ ní fọ́ọ̀mù láti mọ irú físà tó o ní. Wọn kì í ṣe ọlọ́pàá. Kọ òótọ́ síbẹ̀, kí o sì fi eVisa rẹ, ìyẹn físà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, hàn.

Gbèsè ilé ìwòsàn ló lè ba físà jẹ́, ìtọ́jú kọ́, ìwọ kò sì jẹ gbèsè. Ṣáà rí i pé ẹ kọ̀wé fún títún físà ṣe kí ti ìsinsìnyí tó parí. Mi ò fojú kéré UCH o, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé nílé, àpò ara ẹni ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ra kẹ́mò.

Ibi tó dùn mí jù nínú lẹ́tà rẹ ni “kò sí wàhálà” yẹn. Mo ṣe nọ́ọ̀sì pẹ́ níbí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti rí ọkọ tó gbé ìdajì ọ̀rọ̀ dókítà mì. Kì í ṣe ìkà; ọ̀rọ̀ náà ni kò lè gba ẹnu rẹ̀ jáde. Kẹ́mò lè dá nǹkan oṣù dúró, ó lè ṣàkóbá fún ọmọ bíbí. Báwo ni ọkọ á ṣe sọ ìyẹn fún ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé? Bẹ́ẹ̀, kí kẹ́mò tó bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kó o béèrè. Nọ́ńbà wà lórí lẹ́tà tí wọ́n fi pè ọ́. Pe ibẹ̀ lọ́la, ní o fẹ́ ògbufọ̀ Yorùbá. NHS ló ń sanwó rẹ̀, ìwọ kọ́. Kí ọkọ rẹ jókòó tì ọ́, kó di ọwọ́ rẹ mú. Kó fi ìtumọ̀ sílẹ̀ fún oníṣẹ́.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa kò mọ̀. Ní England, £9.90 ni oògùn kọ̀ọ̀kan tí dókítà bá kọ, àmọ́ ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ kì í san án. Ní kí GP fún ọ ní fọ́ọ̀mù FP92A. Ọdún márùn-ún ni ìwé tí wàá gbà, gbogbo oògùn tí wọ́n bá kọ fún ọ ló sì kàn, títí kan ti ẹ̀jẹ̀ ríru.

Tí ẹ̀rù bá tún dé, pe Macmillan, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń ran àwọn tó ní jẹjẹrẹ lọ́wọ́, ní 0808 808 0000, ọ̀fẹ́ ni. Sọ “Yoruba” fún wọn, wọ́n á wá ògbufọ̀ sórí fóònù. Kọ̀wé sí mi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.