Aṣọ òrùlé ọkọ̀ mi ti ṣò wálẹ̀, ó ń kàn mí lórí. Gọ́ọ̀mù wo ni kí n rà l'Ákùúrẹ́?

Ẹ má tíì ra gọ́ọ̀mù o. Kì í sábà jẹ́ gọ́ọ̀mù ló jẹ́bi. Fóòmù tín-ín-rín tó wà lẹ́yìn aṣọ yẹn ni ooru ti jẹ di lẹ́búlẹ́bú. Bí ẹ bá ta gọ́ọ̀mù lé e, ìyẹ̀fun lẹ̀ ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, yóò tún já.

Ẹ tú pátákó òrùlé tí aṣọ náà lẹ̀ mọ́ sílẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha fóòmù àtijọ́ kúrò títí ọwọ́ yín kò fi ní rí nǹkan kó mọ́. Ibí yìí ló ń gba àkókò jù, ibẹ̀ náà sì ni àwọn oníṣẹ́ tó ń kánjú ti ń fò ó.

Aṣọ tí fóòmù ti wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ rà. Bí ẹ bá lo aṣọ tí kò ní fóòmù, gọ́ọ̀mù á yọ sójú rẹ̀, gbogbo gbágungbàgun pátákó á sì hàn.

Ní ti gọ́ọ̀mù, contact adhesive alátẹ̀fọ́n tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó gba ooru líle ni. Oòrùn ń lu òrùlé tààrà, ó sì lè gbóná kọjá 60°C bí ọkọ̀ bá wà níta lọ́sàn-án. Gọ́ọ̀mù funfun àwọn kápẹ́ńtà á rọ̀ níbẹ̀. Ẹ fọ́n ọn sí pátákó àti fóòmù, méjèèjì o, ẹ jẹ́ kó gbẹ díẹ̀ títí yóò fi máa lẹ̀ mọ́ ìka láìfà, kí ẹ tó tẹ aṣọ mọ́ ọn láti àárín lọ sí etí. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, iná kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọn.