Ṣé ejò ni mo rà ni àbí ẹja?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Plymouth, nílẹ̀ England, ni mo ń gbé. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹlẹ́ja gé ẹja kan tí wọ́n ń pè ní conger fún mi. Kò ní ìpẹ́, ara rẹ̀ ń yọ̀, ó sì gùn gbọọrọ. Ọkọ mi ní ejò ni, òun ò ní fi kan ẹnu. Kí ni nǹkan yìí gan-an? (Ìyá Ìbejì)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹja ni. Ọdún mẹ́rin ni mo fi bá ẹlẹ́ja kan la ẹja ní Cornwall, conger kọjá lọ́wọ́ mi títí ó fi sú mi. Ó ní lẹbẹ méjì lẹ́yìn orí, òmíràn gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, ó yí ìrù ká, ó sì padà sí abẹ́ ikùn. Ejò wo ló ní lẹbẹ? Ní ti ìpẹ́, ẹ bá mi bi ọkọ yín bóyá ẹja àrọ̀ inú pẹ́pẹ́súùpù ní ìpẹ́.

Láti Norway títí dé Senegal ló wà. Ihò àpáta àti inú ọkọ̀ tó ti rì ni ilé rẹ̀. Lọ́sàn-án, orí nìkan ló ń yọ síta. Tílẹ̀ bá ṣú, ó ń wá ẹja, akàn àti ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ (octopus) kiri. Akọ kì í sábà gùn ju mítà kan lọ, àmọ́ abo lè ju mítà méjì lọ. Bí èyí tí wọ́n gé fún yín bá nípọn bí itan, abo ni.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń bímọ láyé rẹ̀. Bó bá dàgbà tán, á kọrí sí ibú, kò ní jẹun mọ́, eyín rẹ̀ á re, egungun rẹ̀ á rọ̀. Á yé ẹyin bíi mílíọ̀nù mélòó kan, á sì kú. Àwọn ọmọ á pẹlẹbẹ bí ewé, wọ́n á mọ́ gaara bíi gíláàsì, ìgbì á máa gbé wọn bọ̀ létíkun. Tí mo bá rí eyín conger tó pé lórí tábìlì, mo máa ń sọ fún un pé, “Ìwọ ò tíì bímọ nìyẹn o.”

Ẹ sè é kó jinná dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní oró ní tútù, iná ló ń pa á. Ẹ má fi ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ nujú. Ọ̀nà ìrù kún fún egungun, ẹ ní kí wọ́n gé ti apá orí fún yín nígbà mìíràn. Ní erékùṣù Guernsey, mílíìkì ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ rẹ̀, wọ́n á tún já òdòdó marigold lé e lórí. Èmi ò bá wọn dé ìdí òdòdó: ata rodo àti ẹfínrín gbígbẹ tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé ni mo fi ń se tèmi.