Bọ́ọ̀dù kì í wá síbi ìkómọ

Ẹ jẹ́ kí n dá àbúrò wa lóhùn, ẹni tó ní látìgbà tí bọ́ọ̀dù tó ń rí sí ìlera alábọ́ọ́dé ní ìpínlẹ̀ ti gba hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà wọn lọ́wọ́ káńsù làwọn ò ti rẹ́ni fẹjọ́ sùn mọ́, pé ṣé kò wá yẹ kí wọ́n dá a padà fún káńsù báyìí tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ti sọ ní July 2024 pé kí owó káńsù máa lọ bá káńsù tààrà. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe akọ̀wé kọmítì ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù tiwa, àwọn ará àdúgbò tó ń mójú tó sẹ́ńtà, ojú mi rí nǹkan níbẹ̀.

Èmi ò ní dá a padà o. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti ṣe mínísítà, láàárín 1985 sí 1992, ló gbé ètò ìlera alábọ́ọ́dé lé káńsù lọ́wọ́, èrò yẹn dáa, àmọ́ ohun táwa bá nílẹ̀ ni pé káńsù ló ni nọ́ọ̀sì, ẹlòmíì ló ni oògùn, ẹlòmíì tún ni abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí òrùlé bá wá ń jò oníkálukú á na ìka sí ẹnì kejì. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo la ní, tí wọ́n bá ti jẹ ẹ́ lówó oṣù mẹ́ta ọjà ló ń lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní lọ́dún 2011 pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó gbogbo ẹ̀ sábẹ́ òrùlé kan, ìyẹn bọ́ọ̀dù. Òfin ìlera 2014 wá ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sílẹ̀, díẹ̀ nínú ẹ̀ sì wá ń dé àkáǹtì sẹ́ńtà fúnra ẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún wa, ká má purọ́, agbẹ̀bí méjì ni bọ́ọ̀dù kó wá.

Àmọ́ lọ́jọ́ kan wọ́n kàn gbé ọ̀kan nínú wọn lọ, èyí tí gbogbo aboyún ń béèrè, a ò gbọ́ a ò mọ̀. Mo lọ sí káńsù, wọ́n ní kò sí lọ́wọ́ àwọn mọ́. Mo wọkọ̀ lọ sí olú ìlú ìpínlẹ̀, ẹni tó wà ní géètì ní ta ni mo wá rí, mi ò mọ orúkọ ẹnì kankan, bí mo ṣe padà sílé nìyẹn. Káńsẹ́lọ̀ wa àtijọ́ yẹn, ọ̀lẹ paraku ni, àmọ́ mo mọ ilé ìyá ẹ̀, mo lè bá a níbi ìkómọ kí n sọ̀rọ̀ sí i lójú àwọn àna ẹ̀. Bọ́ọ̀dù kì í wá síbi ìkómọ.

Ibi tí mo ti wá jẹ̀bi rèé. Ní sẹ́ńtà tiwa, owó ò lè jáde láìjẹ́ pé ọ̀gá nọ́ọ̀sì àti ẹnì kan láti kọmítì jọ sáìn, èmi sì lẹni yẹn. Ọmọ mi obìnrin bímọ n'Íbàdàn, mo fẹ́ lọ rí ọmọ náà, ni mo bá sáìn sọwẹ̀dowó mẹ́rin sílẹ̀ lófìfo. Ìgbà tí mo dé, rìsíìtì ti wà nínú fáìlì, pé wọ́n ti ra fóòmù bẹ́ẹ̀dì tuntun mẹ́fà. Mo wọ yàrá ìgbẹ̀bí, mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ ráńbà tí wọ́n fi bo bẹ́ẹ̀dì, fóòmù àtijọ́ ló ṣì wà níbẹ̀, ó ń rún sí mi lọ́wọ́ bíi gààrí. Ta ni mo fẹ́ bá jà, sáìn mi ló wà lórí ẹ̀.

Látìgbà yẹn la ti ń kọ ọ́ sórí páálí, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì: iye tó wọlé, ohun tá a fi rà, nọ́ńbà fóònù tiwa. Ìyá alákàrà tó ń tà níwájú géètì ló kọ́kọ́ pè mí, ó ní "Akọ̀wé, ẹ lẹ́ ẹ ra dísẹ́ẹ̀lì, ṣé fún jẹnẹrétọ̀ tí ò tíì húkọ́ láti ọdún Kérésì?" Ojú tì mí. Ọkùnrin mọ́kànlá la wà nínú kọmítì nígbà yẹn o, ọ̀rẹ́ ọba, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, alága wa gan-an ọsibítù aládàáni ló ń gbé àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀ lọ, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó bímọ níbẹ̀ rí. A fi ìyá náà sí i, òun àti abiyamọ méjì. Ariwo pọ̀ nílé alága lọ́jọ́ yẹn, ẹ jẹ́ n fi sílẹ̀.

Nítorí náà, àbúrò, kí bọ́ọ̀dù máa gba òṣìṣẹ́, kó máa ra oògùn, agbára káńsù ò gbé e. Àmọ́ ẹ wọ ibi tí wọ́n ti ń sáìn. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó ń mójú tó ìjọba ìbílẹ̀ yín ní bọ́ọ̀dù, lórí ìwé, kí wọ́n má sì gbé nọ́ọ̀sì kankan lọ tí èyí tó fẹ́ rọ́pò ẹ̀ ò tíì dé. Lẹ́tà kẹta ni wọ́n tó dá tiwa lóhùn, lẹ́yìn tá a fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí aṣòfin wa nílé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀. Mo ṣì ní lẹ́tà yẹn, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ, màá yà á ní fọ́tò fi ránṣẹ́.